Owó Tí Ó Ní Orúkọ: Bí A Ti Ń Ṣe Àkóso Ẹ̀ka Ìwádìí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀ka ìwádìí kan ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ rí àwọn dókítà tí ó wọ aṣọ funfun, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìgò kéékèèké, yóò sì gbọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ó ń kùn bí oyin. Ẹni tí kò ní tètè rí ni akọ̀wé tí ó jókòó ní yàrá ẹ̀yìn láàárín àwọn fáìlì. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé yìí bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré, kò ní sí ìgò mọ́, owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ náà kò ní jáde, aláìsàn tí a sì ṣe ìlérí fún pé a ó padà wá yẹ̀ wò yóò máa retí lásán.

Iṣẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka yìí ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni ó kan àwa tí ń kọ́ nípa èdè àti àṣà Yorùbá nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìdáhùn mi ni pé àwa gan-an ni a máa ń gbà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gboyè nínú èdè tàbí ìtàn ni ó ti bá ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àkóso ní yunifásítì. Èmi náà wà nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní ohun tí owó ìwádìí jẹ́ kí n tó jókòó sórí àga náà.

Ìwádìí ìṣègùn ti pẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1948 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kọ́kọ́ ń lò kí ilé-ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UCH tó ṣí ní ọdún 1957. Ní ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn tí a bá rí àrùn jẹjẹrẹ lára wọn, àkọsílẹ̀ náà sì ni ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún náà ni Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó gbé ilé àyẹ̀wò kan ró fún ìwádìí àwọn fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tí a rí ní ọdún 1964, lára eégbọn màlúù, ni a sọ ní Dùgbẹ̀, tí orúkọ àdúgbò Ìbàdàn fi wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Ìwé ìtàn a máa dárúkọ dókítà nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Kì í dárúkọ ẹni tí ó kọ fáọ́ṣà.

Ohun kìn-ín-ní tí akọ̀wé tuntun gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé àpò mẹ́ta ni ẹ̀ka ní, wọn kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀. Àpò kìn-ín-ní ni ti yunifásítì, èyí tí ìjọba fi ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí a gbà títí. Èkejì ni owó tí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ń rí, bí owó àyẹ̀wò àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Kékeré ni ó máa ń jẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó pọ̀ jù tí ó sì ṣòro jù, ni owó ìrànwọ́ ìwádìí. Ó lè ti ọ̀dọ̀ TETFund wá, àjọ tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀ láti fi owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́. Ó lè ti Wellcome ní Lọ́ńdọ̀nù wá, tàbí kí ó ti ọ̀dọ̀ NIH wá, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà.

Owó kẹta yìí ni mo pè ní owó tí ó ní orúkọ. Kí a tó fún wa, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye báyìí wà fún abẹ́rẹ́, iye báyìí fún owó ọkọ̀ àwọn tí yóò lọ sí abúlé, iye báyìí fún nọ́ọ̀sì méjì. Bí a bá fi owó abẹ́rẹ́ ra àga, a kò jalè, ṣùgbọ́n a ti da àdéhùn. Àwọn ìyá wa ní ọjà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa lọ. Bí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ Ìyá Aláta ní òwúrọ̀, inú àpò alájọ ni owó náà wà, síbẹ̀ owó Ìyá Aláta ni. Bí ó bá fi ra epo sí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà kí oṣù tó parí, ó ti ṣẹ̀, ìbáà tilẹ̀ dá a padà.

Nítorí náà, bí ìwé ìbéèrè bá dé orí tábìlì, kí akọ̀wé tó fi ọwọ́ sí i yóò bi í léèrè pé: inú iṣẹ́ ìwádìí wo ni ìnáwó yìí wà? Ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó iṣẹ́ náà? Ǹjẹ́ ó ṣẹ́kù níbẹ̀? Ǹjẹ́ àkókò iṣẹ́ náà kò tíì tán? Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ní ẹ̀ka kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé ìbéèrè fún èròjà àyẹ̀wò kan dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ ìwádìí náà parí. Mo fi í sí abẹ́ àwọn fáìlì mìíràn. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí àkókò ti tán ni a tó rà á. Àwọn tí ó fún wa lówó kọ̀ láti gba ìnáwó náà wọlé, ó sì di dandan kí ẹ̀ka san án láti inú àpò kékeré tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bú mi. Ó kàn wí pé, “Akọ̀wé, ṣé ẹ rí ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn?” N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ wà níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá sì parí, ìwé kò tíì parí. NIH a máa retí ìròyìn owó ìkẹyìn láàárín 120 ọjọ́, a sì ní láti tọ́jú rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ gbogbo fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Bákan náà ni ti àkókò òṣìṣẹ́: ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mẹ́ta pọ̀ kò lè fi ìdajì àkókò rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó yani lẹ́nu bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń gbàgbé ìṣirò kékeré yìí.

Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí owó gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba wọ inú àkáǹtì kan ṣoṣo ní Báńkì Àgbà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ráhùn pé owó ìwádìí tí ó ti òkèèrè wá há mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni náírà ṣubú. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ; ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹ̀ka tí ó ti ṣẹ́ 10,000 dọ́là sí 4,600,000 náírà, tí ó sì fi í pamọ́ láti fi ra èròjà òkèèrè, kò lè fi owó kan náà ra ju ohun tí ó tó 3,300 dọ́là lọ mọ́. Akọ̀wé tí kò kọ ọjọ́ àti iye tí a fi ṣẹ́ owó sílẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ọ́dítọ̀ bá dé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa ẹ̀ka ìwádìí jù lọ ni ìnáwó tí kò ní orúkọ nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn nǹkan ara aláìsàn pamọ́ sí, tí òtútù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 80 dígírì sí ìsàlẹ̀ òdo. Ọdún mẹ́wàá ìwádìí lè wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí iná bá lọ, ta ni yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Oníwádìí kìn-ín-ní yóò ní owó òun wà fún àrùn ibà. Èkejì yóò ní ti òun wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀dẹ tí ó ń ṣọ́ ilé, omi ẹ̀rọ, àti owó oṣù akọ̀wé fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Mo ń pè é ní owó ìtọ́jú ilé.

Alájọ ti rí ojútùú èyí tipẹ́: owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bá a jà, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Àwọn tí ó ń fúnni lówó ìwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà a máa bá ìjọba wọn dúnàádúrà iye tí wọn yóò gbà, ti àwọn mìíràn sì ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ lọ. Ti ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè bí ti Ìbàdàn, fún ọdún púpọ̀, kò ju ìdá 8 lọ lọ́dọ̀ NIH, láìka owó ẹ̀rọ ńlá mọ́ ọn. Nígbà tí NIH kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé ìdá 15 ni òun yóò máa san fún gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, ariwo ta, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a dúró. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ní yóò pa àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí àwa ti fi ń gbé ilé ró, tí a sì tún fi ń pèsè iná fúnra wa.

Ọgbọ́n tí ó kù fún akọ̀wé ni pé kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìwé ìtọrọ owó, kì í ṣe nígbà tí owó bá dé tán. Ohun tí a bá lè fún ní orúkọ, kí a fún un: epo jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ báyìí, ìdá mẹ́rin àkókò ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìdá mẹ́wàá ti òṣìṣẹ́ ìṣirò owó. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ojú ń tì láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú kò ní tì wọ́n mọ́ bí wọ́n bá rí omi tí ó ń jò láti abẹ́ ẹ̀rọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni NIH tún kéde pé òun kò ní gbà mọ́ kí yunifásítì Amẹ́ríkà máa pín owó ìwádìí fún ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí a ó fi gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni owó ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìwádìí ní ilẹ̀ Áfíríkà ń gbà wọlé. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, èmi a máa mú ìwé owó oṣù lọ bá olórí ẹ̀ka, a ó sì jọ ka orúkọ àwọn tí owó iṣẹ́ wọn yóò tán láàárín oṣù mẹ́fà: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àwọn ọ̀dọ́ inú ilé àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà a ó pinnu ẹni tí yóò lọ sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.