Àwòrán àtijọ́ inú àpótí: bí a ṣe ń dá a mọ̀, àti iye tó tọ́ sí i

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ ń wọ ilé dé ilé ní agbègbè Atakpamé. Àpótí ìyá àgbà ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé àwòrán mẹ́rin wá sí ìpàdé. Ẹnìkan fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ní owó adìyẹ méjì. A ní kó dúró ná.

A kọ́kọ́ mú gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bíi ti ìwé ìròyìn ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìhunjọ wẹ́wẹ́ bí awọ arúgbó, ọ̀nà tí Faransé ń pè ní phototypie, tí Jámánì ń pè ní Lichtdruck, ni. Ó wọ́pọ̀ lára káàdì ìfìwéránṣẹ́ tó dáa ṣáájú ogun 1914. Bí kò bá sí méjèèjì, tí etí rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà, ó lè jẹ́ fọ́tò gidi.

Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ní àmì aláwọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ dúdú àti funfun ló yẹ kó jẹ́. A gbé e sábẹ́ iná tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò, ó tàn yòò. Èròjà tó ń mú bébà tàn bẹ́ẹ̀ kò wọ inú bébà títí di nǹkan bí 1950. Àdàkọ ni.

Ẹ yí káàdì sẹ́yìn pẹ̀lú. Jámánì kò gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì títí di 1905. Káàdì wọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìlà láàárín, tí wọ́n há ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán, sábà máa ń ṣáájú ọdún yẹn. Sítáǹbù Togo tó ní Hohenzollern, ọkọ̀ ojú omi ọba Jámánì, jáde ní 1900.

Èkejì fi àwọn òpó wáyálẹ́ẹ̀sì Kamina hàn. Àwọn Jámánì fúnra wọn ló bà wọ́n jẹ́ lóru 24 sí 25 oṣù kẹjọ 1914, kí ọ̀tá má baà gbà wọ́n. Ìyẹn sọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò. Kò sọ ìgbà tí wọ́n tẹ káàdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ojú ewé tí wọ́n gé láti inú Les Missions Catholiques, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Lyon ní 1868. Ìlà ni gbogbo òjìji rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dàgbà jù, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀; ọjọ́ orí nìkan kì í sọ nǹkan di olówó iyebíye.

Iye ńkọ́? Káàdì Lomé pọ̀ ju ti ìlú inú ilẹ̀ lọ, orúkọ Atakpamé lábẹ́ àwòrán sì ń gbé owó ga. Igun tó pé àti òǹtẹ̀ tó ṣeé kà ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ má gé etí rẹ̀, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi rọ́bà bò ó. Iye tí wọ́n ti tà á ní gbàǹjo ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí olùtà kọ.

Lábẹ́ ẹ̀kẹrin, wọ́n kọ "obìnrin Atakpamé" lédè Jámánì, láìsí orúkọ. Ìyá àgbà ní ìyá ìyá òun ni, ìdí tó fi wà nínú àpótí nìyẹn, ó sì pe orúkọ rẹ̀. Oníbàárà kò ka ìyẹn mọ́ iye tó fẹ́ san. A fi pẹ́ńsù kọ orúkọ náà sórí àpò ìwé, kì í ṣe sára káàdì, a sì ya àdàkọ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ojú ewé ìwé ìròyìn nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ wa tà.

Ẹ mú tiyín wá sí ìpàdé kí ẹ tó dá àwọn oníbàárà lóhùn.