Ojú mẹ́rin ló bí i, igba ojú dà? Ìdààmú àwọn òbí ọmọ akàndá, àti ibi tí ìrànwọ́ wà

Bí ọjọ́ ọdún bá pé, tí ẹbí kóra jọ, tí wọ́n pa àtíbàbà síta, tí ìlù ń dún, àwọn ọmọ ilé yóò wọ aṣọ tuntun, wọn yóò máa sáré kiri láàárín àlejò. Ṣùgbọ́n nínú ilé mìíràn, ọmọ kan wà tí kò ní yọjú sí gbàgede lọ́jọ́ náà. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tì í mọ́. Bí àlejò bá gbọ́ igbe rẹ̀, tó béèrè pé ta ni, wọn a ní ọmọ alájọgbé ni. Ìyá ọmọ náà ń gbé àwo oúnjẹ kiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ rẹ̀. Ohun tí ayé yóò wí ló ń bà á lẹ́rù.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ní ìlú ńlá àti ní abúlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru: bí mo bá kú lónìí, ta ni yóò tọ́jú ọmọ yìí? Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ní ti ọmọ akàndá ẹ̀dá, ojú mẹ́rin ọ̀hún pàápàá kì í pẹ́ di méjì, nítorí bàbá mìíràn kì í dúró. Igba ojú tó kù ńkọ́? Wọ́n ń wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwòkuwò ni.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí látilẹ̀. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá, Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn. Ọjọ́ tó mu ẹmu yó ni ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, tí àwọn tó mọ lọ́jọ́ náà fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu, tí wọ́n sì ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀sìn lè ti yàtọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò tí ì gbó: ìyá tó bí ọmọ náà kọ́ ló ṣẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti wá bàjẹ́ ni pé ìyá gan-an ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní ẹmẹ̀rè lọmọ, wọ́n á ní àjẹ́ ni ìyá, wọ́n á ní bàbá ló fi ọpọlọ ọmọ ṣowó. Ìyá yóò gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ wòlíì dé ọ̀dọ̀ ààfáà, yóò ti ọ̀dọ̀ ààfáà dé ilé babaláwo. Ìgbà tí owó bá tán ni yóò tó mọ̀ pé ohun tó ju owó lọ ti lọ pẹ̀lú: àwọn ọdún tí ọmọ náà ì bá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń jẹun, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Kò sí àjẹ́ nínú ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn rí. Ọdún 1866 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Langdon Down, ṣàpèjúwe ipò tí wọ́n ń pè ní Down syndrome. Ní 1959, Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé fọ́nrán àbùdá kan ló lé lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀: 47 ló ní, dípò 46 tó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 1,000 ni wọ́n ń bí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, nílé olówó àti nílé tálákà. Ní ti ọ́tísíìmù, ọmọ náà lè gún régé, kí ara rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n kó má wojú ènìyàn, kó má dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tàbí kó má sọ ọ́ rárá. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Cerebral palsy ni ti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa nínú oyún, nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ sí ìbí, tí ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní Nàìjíríà, àìtètè mí ọmọ nígbà ìbí àti ibà apọ́njú ọmọ tuntun wà lára ohun tó ń fà á jù. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń fi sáàárín aṣọ ọmọ lè dá ibà náà sílẹ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ìyá tó bá rí i pé ẹyinjú ọmọ tuntun ń yí sí àwọ̀ ìyeyè kò gbọdọ̀ dúró ti oòrùn àárọ̀ tàbí omi gúlúkóòsì. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mọ̀. Púpọ̀ nínú ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń rí ìrànwọ́ ní Nàìjíríà, òbí bíi tiwọn ló dá a sílẹ̀. Dókítà Yínká Akíndayọ̀mi, ìyá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, dá Children's Developmental Centre sílẹ̀ ní Èkó ní 1996. Rose Mordi, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Down syndrome, dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 2001. Ìyá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni Dọ̀tun Àkàndé náà, tó dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Ní 2013, Fẹ́mi Gbádébọ̀, ọ̀gá ológun òfurufú tó ti fẹ̀yìn tì, àti aya rẹ̀ dá Benola Cerebral Palsy Initiative sílẹ̀ nítorí ọmọkùnrin wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kàwé, wọ́n sì mọ ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò gba owó: wọ́n jáde síta, wọ́n ní, "Ọmọ wa nìyí." Aláta lè sọ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí òbí bá sọ ọ́ ni òbí mìíràn tó ń fi tirẹ̀ pamọ́ yóò yọjú. Níbi tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ bá ti pàdé ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ tí kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa lóúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti wọ ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti dókítà tó ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìjọba náà ní ibi tí ènìyàn lè lọ. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. UCH ní Ìbàdàn ní àwọn dókítà tó ń rí sí ọpọlọ ọmọdé. Ilé-ẹ̀kọ́ Modupe Cole ní Àkọkà jẹ́ ti ìjọba Èkó. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Jos lè béèrè ilé-ẹ̀kọ́ Open Doors. Láti 1977 sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ akàndá. Òbí tó bá béèrè ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lè rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Special Olympics Nigeria ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, àwọn kan nínú wọn sì ṣojú Nàìjíríà ní Berlin, ní Jámánì, ní 2023.

Òfin wà pẹ̀lú. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí fífi ìyà jẹ akàndá. Òfin náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í wẹ ọmọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí yóò lé ìyá kan ṣoṣo padà. Yóò ronú kó tó lé ìyá mẹ́fà tó mú òfin lọ́wọ́ wá.

Síbẹ̀, ilé ni ọ̀rọ̀ ń padà sí. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arọ̀, l'Ábẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé ibẹ̀. Àìsàn ni tiwọn, ìyẹn yàtọ̀ sí ti ọmọ tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ayé rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ènìyàn gan-an jẹ́ oògùn ènìyàn.

Oògùn ọ̀hún kò ṣòro í lò. Kí ìyá àgbà gba ọmọ náà ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Kí àbúrò bàbá san owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kí olùkọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì má lé e síta nítorí ariwo, kí ìmáàmù fi ọ̀rọ̀ náà ṣe wáàsí ní Jímọ́ọ̀ kan. Kí bàbá padà wálé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹbí jókòó nígbà tí òbí ṣì wà láàyè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò gba ọmọ náà, ilé wo ni yóò máa gbé, owó wo ni wọn yóò máa yọ sọ́tọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dì í lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan lórí.

Ọdún mìíràn ń bọ̀, wọn yóò tún pa àtíbàbà, ìlù yóò tún dún. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, tí ọmọ náà jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n kan ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ìyá rẹ̀ lè má tí ì rí ìdáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé igba ojú ti padà dé.