Ààrẹ Carter àti Ọ̀ràn Epo ní Amẹ́ríkà



Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Fébúárì, 1977, nígbà tí Jimmy Carter kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lórí oyè, ó wọ súẹ́tà, ó jókòó lẹ́bàá iná, ó sì bá gbogbo ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Òtútù ọdún náà le púpọ̀, gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́. Ààrẹ bẹ olúkúlùkù pé kí ó dín ooru ilé rẹ̀ kù sí ìwọ̀n 65 Fahrenheit ní ọ̀sán àti 55 ní òru.

Ó lè ya àwa tí a bí ní ilẹ̀ olóoru lẹ́nu pé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ẹ̀kọ mímu ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí ó bá ti gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń yára jáde tó. Bákan náà ni ilé rí ní ìgbà òtútù: ooru ń gba ara ògiri, fèrèsé àti òrùlé sá lọ, iná sì gbọ́dọ̀ máa jó láti fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fara da òtútù díẹ̀ ti dín ohun tí ń ṣòfò kù. Nítorí náà ni Carter tún ṣe fẹ́ kí a fi ohun tí ń dá ooru dúró sí àjà àti ògiri ilé.

Ọ̀ràn epo ni ó tóbi jù. Ní 1973 àwọn orílẹ̀-èdè Árábù kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà, ojú wọn sì rí màbo. Síbẹ̀, ní 1977, bí ìdajì epo tí wọ́n ń lò ni ó ń ti òde wá, Nàìjíríà wa sì wà lára àwọn tí ń tà á fún wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Épírì, Carter fi ọ̀ràn náà wé ogun. Àwọn ẹlẹ́gàn kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n ní igbe ológbò ni! Kò dákẹ́. Ó dá ilé iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀ràn agbára. Wọ́n bu owó orí lé ọkọ̀ tí ń mu epo lámujù. Ó ní kí wọ́n máa wa èédú sí i. Ní 1979 ó bẹ̀rẹ̀ sí tú òfin tí ó de iye owó epo ilẹ̀ wọn, kí àwọn tí ń wà á nílé lè rí èrè. Èyí ni mo kà sí ìgboyà jù lọ, nítorí olórí wo ni ó ń fẹ́ kí epo gbówó lórí nígbà tirẹ̀? Ní ọdún kan náà ìjọba yí padà ní Iran, ọkọ̀ sì tò rẹrẹ níwájú ilé epo. Ní 1980 wọ́n dìbò yan ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe epo nìkan ni ó fà á.

Nígbà tí yóò fi di 1982, epo tí wọ́n ń rà láti òde ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti 1977. Ọ̀wọ́n epo ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, epo Alaska sì ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ẹ̀bẹ̀ Carter já sí asán.

Ní oṣù Júùnù, 1979, ó ti gbé pátákó 32 sórí òrùlé White House, tí ń fi oòrùn mú omi gbóná. Kì í ṣe iná mànàmáná ni wọ́n ń mú wá. Ní 1986, láyé Reagan, wọ́n tú wọn kúrò nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Maine gba àwọn pátákó náà, ó sì to díẹ̀ nínú wọn sórí ilé ìjẹun rẹ̀, wọ́n sì ń mú omi gbóná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.