Òbí, Olùkọ́ àti Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ní Kàdúná

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Kàdúná, púpọ̀ nínú yín ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn mìíràn sì ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa òní kan tọ̀tún-tòsì.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ni ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ti Kàdúná ni à ń pè ní KADSUBEB. Òun ni ó ń bójú tó ọdún 9 àkọ́kọ́ tí ọmọ fi ń kàwé. Òun náà ni ó ń gba olùkọ́, tí ó ń gbé e ga, tí ó sì ń bá a wí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Gómìnà Nasir El-Rufai kéde pé nínú olùkọ́ 33,000 tí ó ṣe ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 21,780 ni kò gba máàkì 75 nínú 100. Ọ̀rọ̀ náà ya ilé sí méjì. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò lè ka lẹ́tà kan já sọ pé ó tó àkókò. Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́, NUT, kọ ìdánwò náà, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tún dá olùkọ́ 2,357 dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nínú wọn, 2,192 ni kò jókòó ṣe ìdánwò; 165 péré ni ó pàdánù iṣẹ́ nítorí àìṣedáadáa, nínú 27,662 tí ó jókòó.

Ẹ wo iye yìí dáadáa. Èyí tí ó pọ̀ jù kò tilẹ̀ fọkàn tán ẹni tí ń dán wọn wò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni: ọdún tí ọmọ fi ṣòfò kò ní padà, olùkọ́ náà sì ní ẹnu tí ó ń bọ́.

Kí ni a lè ṣe? Ìgbìmọ̀ alábòójútó kan wà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, SBMC, níbi tí òbí, olùkọ́ àti àgbà àdúgbò ti jọ ń jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ, a ní ìlú onílùú ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ẹni ti ń kàwé kì í ṣe ìlú onílùú mọ́. Ẹ lọ. Ẹ béèrè iye olùkọ́ tí ó wà àti ohun tí ọmọ kọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá olùkọ́ ti gba owó oṣù rẹ̀. Ẹjọ́ tí òbí àti olùkọ́ bá jọ gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ kì í rọrùn láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.