Kí Irinṣẹ́ Bá Òṣìṣẹ́ Mu: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ ní Ibùdó Epo

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni a fi ń kọ́ni pé kí tọmọdé tàgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un yẹ̀ wò, a ó rí i pé ó ń sọ ohun mìíràn pẹ̀lú: bí ìwọ̀n irinṣẹ́ kò bá bá ìwọ̀n ọwọ́ mu, iṣẹ́ kò lè yọrí. Ìmọ̀ kan wà lóde òní tí ó dá lórí èyí, èyíinì ni ṣíṣe ètò ibi iṣẹ́ kí ó lè bá ara, ojú, etí àti làákàyè òṣìṣẹ́ mu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè wà lára irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe òṣìṣẹ́ tàbí ti ètò?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfúrufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan a máa ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀, ọkọ̀ a sì fi ikùn lélẹ̀. Wọ́n ní àìfarabalẹ̀ ni. Alphonse Chapanis ni ó ṣàkíyèsí pé súwíìṣì ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ti ìyẹ́ rẹ̀ jọra, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dábàá pé kí a fi ohun tí ó rí bí táyà sí ọ̀kan, kí a fi ohun tí ó rí bí ìyẹ́ sí èkejì, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní Èjìgbò

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Èjìgbò tí a ní lọ́kàn ni ti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ti Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni ibùdó epo tí a mọ̀ sí Sátẹ́láìtì wà, tí a kọ́ kí àwọn ọkọ̀ agbépo lè máa gba epo níbẹ̀. Epo bẹntiróò a máa di afẹ́fẹ́ tí a kò lè fojú rí. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ni ó ń rá gbà. Bí epo bá sì ti ń ya wọ inú táńkà, ó lè dá iná mànàmáná sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń so wáyà mọ́ ọkọ̀ kí iná náà lè wọlẹ̀. A lè kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó má gbàgbé wáyà. A sì lè ṣètò ẹ̀rọ kí epo má jáde rárá bí wáyà kò bá sí ní ipò rẹ̀. Èkejì ni ó sàn jù, nítorí ó máa ń rẹ ènìyàn, ènìyàn a sì máa gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ni yóò di ẹni tí ó fẹ́ ṣáná sí sìgá lọ́wọ́ mú? Ọ̀rọ̀ ni ó kù. "Highly Inflammable" ni a sábà ń rí lára ọkọ̀ agbépo. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rí i pé "in-" yìí lè ṣini lọ́nà, nítorí ó jọ èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìyísódì; ni "flammable" bá gbòde. Èdè tiwa náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ "Ma tan ina nibi" láìfi àmì sí i, "má" ni tàbí "máa"? Ọ̀kan ń ka nǹkan léèwọ̀, èkejì ń pàṣẹ rẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí a kọ fáwẹ̀lì gígùn ní méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò tẹ̀lé e. Bí a bá tilẹ̀ fi àmì sí i, òjò àti eruku lè pa á rẹ́. Nítorí náà, ohun tí a dábàá ni "A kò gbọdọ̀ ṣáná níbí". Bí gbogbo àmì rẹ̀ bá ṣí, kò sẹ́ni tí yóò ṣì í kà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwa olùkọ́ a máa fi àmì ohùn gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú, nítorí ọmọ náà lè di ẹni tí yóò kọ pátákó ibi iṣẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn yóò sì wà lọ́wọ́ ohun tí ó bá kọ.