Omi Nínú Àṣíborí: Ìtàn Luca Parmitano

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsán ọdún 1976 ni a bí Luca Parmitano ní ìlú Paternò, ní erékùṣù Sísílì ti ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó dàgbà, ó di awakọ̀ òfurufú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2005 ẹyẹ ńlá kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀ lójú òfurufú, ó sì bà á jẹ́ gidigidi. Síbẹ̀ Parmitano mú un gúnlẹ̀ láyọ̀. Ní ọdún 2009 ni àjọ tí ń bójú tó ìrìn-àjò òfurufú fún ilẹ̀ Yúróòpù yàn án.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ó gòkè lọ sí ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ́, tí ń yí ayé po ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Kò sí afẹ́fẹ́ níta níbẹ̀. Ẹni tí yóò jáde lọ ṣiṣẹ́ ní láti wọ ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí omi tútù sì ń ṣàn nínú rẹ̀ kí ooru má bàa pa á.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó wọlé, a rí omi díẹ̀ nínú àṣíborí rẹ̀. Wọ́n rò pé àpò omi mímu rẹ̀ ni ó jò, wọn kò sì wádìí rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ 16 ó tún jáde pẹ̀lú Christopher Cassidy, ará Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí omi fi dé ẹ̀yìn orí rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún omi kì í ṣàn lọ sílẹ̀. Ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ara. Ó bo ojú rẹ̀, ó bo etí rẹ̀, ó sì wọ ihò imú rẹ̀. A pàṣẹ kí ó padà, ṣùgbọ́n oòrùn wọ̀, kò sì ríran mọ́. Kò jẹ́ kí ìbẹ̀rù borí òun. Ó rántí okùn tí a fi so ó mọ́ ibùdó, ó sì tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu-ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Cassidy ti di ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ̀ bóyá ó yè, òun náà sì fi ọwọ́ dá a lóhùn.

Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ìdọ̀tí ni ó dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ ẹ̀wù náà, tí omi ìtutù fi gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ àṣíborí.

Ní ọdún 2019 Parmitano padà sí ibùdó náà, ó sì di olórí ibẹ̀, ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ó tún wọ ẹ̀wù, ó tún jáde lọ ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni ó padà sílé ayé ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, omi díẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá jò lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ṣe dúró de òjò mìíràn.