Pípín Kọ̀ǹpútà Kan Lò ní Ọ́fíìsì Olùkọ́: Ìyàtọ̀ Láàrin Títì àti Jíjáde

Ìfáárà

Ohun tí a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òǹlò kan bá ti kọ̀ǹpútà tì, tí òǹlò mìíràn sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ọ̀fà níbí, bí ó ti rí níbi púpọ̀ ní Nàìjíríà, olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Inú rẹ̀ ni máàkì ìdánwò àti ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tíì rí wà.

Bí Pípín Kọ̀ǹpútà Lò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn CTSS, ètò tó jẹ́ kí ènìyàn púpọ̀ lè lo ẹ̀rọ kan pọ̀ lásìkò kan náà. Ètò yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó lo ọ̀rọ̀ ìwọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí òǹlò fi ń wọlé, kí ọwọ́ ẹnì kan má baà dé inú fáìlì ẹlòmíràn. Ní 2001, Windows XP jẹ́ kí òǹlò kejì lè wọ orí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ jáde.

Títì Kì í Ṣe Jíjáde

A lè fi kọ̀ǹpútà wé agboolé. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo ará ilé ń gbà, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Àkókò tó wà láàrin ìwọlé àti ìjáde òǹlò ni a pè ní ìjókòó. Bí òǹlò bá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ L, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni ó tì. Iná ààrò ṣì ń jó nínú rẹ̀. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kò sì dúró. Ìgbà tí ó bá jáde ni iná náà tó kú.

Nǹkan méjì ni èyí ń fà. Èkíní, ìjókòó kọ̀ọ̀kan ń gba àyè nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ yóò máa falẹ̀. Èkejì, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ lè ṣòfò. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹnìkan bá fi ipá pa ẹ̀rọ náà, tàbí tí alábòójútó rẹ̀, tí í ṣe baálé agboolé náà, bá lé òǹlò jáde, ó ti parí nìyẹn.

Ewu Orúkọ Kan Ṣoṣo

Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ń lo orúkọ ìwọlé kan, ẹni tó bá ti ẹ̀rọ tì ti ti gbogbo wọn mọ́ta, àfi kí ọ̀rọ̀ ìwọlé di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ bá wá yí padà, ta ni a ó bi? Ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ní orúkọ tirẹ̀, ẹ̀rọ lè ya iṣẹ́ ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn. Kódà, olùkọ́ Yorùbá lè ní ètò bọ́tìnì tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kí ti olùkọ́ ìṣirò má sì yí padà.

Ìgúnlẹ̀

A dábàá pé kí alábòójútó ṣẹ̀dá orúkọ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí òǹlò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ó tó ti ẹ̀rọ tì, kí ó sì jáde pátápátá bí kò bá ní padà láìpẹ́. Ẹni tó bá bá ẹ̀rọ ní títì, kí ó yan orúkọ tirẹ̀. Kí ó má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹlòmíràn, kí ó má sì fi ipá pa ẹ̀rọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ fi èyí kọ́, nítorí òun ni máàkì àwọn ọmọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.